Kí Kọ́máńdò Tó Dé Ńkọ́?

Ìjà ni mo bá wá lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ni àwọn ènìyàn wa tó jẹ́ pé bí ìbọn bá ti dún ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, bí wọ́n bá ti jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà, bí wọ́n bá ti bá òkú àgbẹ̀ lóko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń jáde lẹ́nu wọn: "Kí ìjọba àpapọ̀ yáa kó kọ́máńdò wá!" Aṣòfin ń sọ ọ́. Àwa oníwèé ìròyìn ń kọ ọ́. Àwọn ará ìlú pàápàá, tí ojú ń pọ́n, ti sọ ọ́ di orin. Ó dáa, kí kọ́máńdò máa bọ̀. Èmi kò ní kí wọ́n má wá. Ìbéèrè tèmi ni pé, kí kọ́máńdò tó dé ńkọ́?

Ẹ má rò pé mo kórìíra àwọn akọni wọ̀nyí o. Bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ìtàn ọdẹ ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn wọn. Èyí tó bá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, n ó kà á tán kí n tó jẹun. Ẹ wo ti àwọn ará Pólándì. Ní ọdún 1990, orílẹ̀-èdè náà ń ran àwọn Júù tó ń kúrò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà lọ́wọ́ kí wọ́n lè dé Ísírẹ́lì. Èyí bí àwọn kan nínú, wọ́n sì yìnbọn fún àwọn òṣìṣẹ́ Pólándì ní ìlú Beirut. Ìjọba Pólándì wò ọ̀tún wò òsì, ó rí i pé òun nílò àwọn ọmọ ogun tó lè kojú irú àwọn apániláyà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún náà, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun àṣàyàn kan sílẹ̀, wọ́n fi í sí abẹ́ ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Sławomir Petelicki. Orúkọ gígùn kan ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó lẹ́tà àkọ́kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, GROM ni yóò jẹ́, ìtumọ̀ grom ní èdè wọn sì ni àrá. Àwa tí a mọ Ṣàǹgó kò nílò kí ẹnikẹ́ni tún túmọ̀ ìyẹn fún wa.

Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé àrá náà kò pariwo. Wọ́n ṣa ènìyàn, wọ́n dán wọn wò, ọ̀pọ̀ já kulẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì bá wọn dá sí ẹ̀kọ́ náà. Ó di ọdún 1994, nígbà tí wọ́n rán wọn lọ sí Hàítì, kí ayé tó mọ̀ dájú pé irú wọn wà. Ní 2003, wọ́n wà lára àwọn tó jagun ní èbúté Umm Qasr ní Ìráàkì. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Télọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Kí ẹgbẹ́ náà tó mọ ẹnu ọ̀nà igbó, wọ́n ti rán yunifọ́ọ̀mù, wọ́n ti pe onílù, tẹlifísọ̀n ti dé, ọlọ́lá kan ti gé rìbọ́ọ̀nù, àwọn tó ń jí ènìyàn gbé sì ti jókòó sí ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń wo àwọ̀ mọ́tò tí wọn yóò máa sá fún.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí a wá jọ ka ọjọ́, nítorí inú ọjọ́ kíkà yìí ni ẹjọ́ mi wà.

Ní 1976, wọ́n já ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Faransé kan gbà, wọ́n gbé e lọ sí Entebbe ní Ùgáńdà. Ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ni wọ́n já a gbà. Òru tó mọ́ ọjọ́ 4 oṣù keje ni kọ́máńdò Ísírẹ́lì balẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní 1977, wọ́n já ti ilẹ̀ Jámánì gbà, wọ́n ń gbé e kiri bí ẹni gbé ẹrù tí kò rí olówó, títí ó fi balẹ̀ sí Mogadishu. Ọjọ́ karùn-ún ni àwọn kọ́máńdò Jámánì tí wọ́n ń pè ní GSG 9 tó já ilẹ̀kùn rẹ̀. Tiwa náà wà níbẹ̀ o. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1993, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìbò June 12 ṣì gbóná bí iná, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já ọkọ̀ Nigeria Airways tó gbéra láti Èkó lọ sí Àbújá gbà, ó di ìlú Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọjọ́ kẹta ni àwọn ológun Niger tó rọ́ wọ inú ọkọ̀ náà. Ẹnìkan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kú. Ẹ kíyè sí i pé Niger ló bá wa gbà á. Ọkọ̀ wa, ọmọ wa, ìjà wa, ará ilé kejì ló bá wa là á.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2020, wọ́n jí ọmọ Amẹ́ríkà kan gbé ní abúlé kan ní Niger, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 31, kọ́máńdò Amẹ́ríkà ti wọ inú igbó àríwá Nàìjíríà lóru, wọ́n ti gbé ọmọ wọn lọ. Nítorí ẹyọ ènìyàn kan! Nígbà tí mo ka ìròyìn yẹn, n kò mọ̀ bóyá kí n pàtẹ́wọ́ tàbí kí n sunkún. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń dára báyìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 2012, kọ́máńdò Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ṣọ́jà wa jọ lọ sí ilé kan ní Sókótó láti gba ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan àti ọmọ Ítálì kan tí wọ́n ti jí gbé láti oṣù karùn-ún ọdún tó ṣáájú. Òkú àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé jáde.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, èyí tó dùn àti èyí tó korò, ohun kan kò yí padà: ọjọ́ wà. Apániláyà mú ènìyàn, ó jókòó tì wọ́n, ó ń béèrè nǹkan, ó ń retí èsì. Inú ìretí yẹn ni kọ́máńdò ti ń rí àyè láti mọ bí ilé ṣe rí, láti gbéra, láti dé. Bí kò bá sí ìdúró, kò sí iṣẹ́ fún kọ́máńdò.

Ó wá ku Ọ̀wọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, tí kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀, kún fún tọkùnrin tobìnrin. Ìsìn ń parí lọ nígbà tí àwọn kan dé pẹ̀lú ìbọn àti àdó olóró. Ó tó 40 ènìyàn tó kú, àgbà àti ọmọ ọwọ́, ẹni tó fara gbọgbẹ́ sì pọ̀. Wọn kò mú ẹnikẹ́ni dè. Wọn kò béèrè kọ́bọ̀. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá bá wọn dúnàádúrà. Wọ́n pa, wọ́n lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wákàtí pàápàá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni. Kí àwọn tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó dé, àwọn apani ti lọ, àwọn ará àdúgbò ló ń sáré gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ọsibítù.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó. Bárékè ṣọ́jà wà ní Akúrẹ́, Akúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ká ní a kó gbogbo GROM láti Pólándì wá sí bárékè yẹn lánàá ọjọ́ náà, ká fún wọn ní ẹran jẹ, ká fún wọn ní ibùsùn tó dára, kí wọ́n wọ bàtà sùn pàápàá. Kí ni wọn ì bá bá ní Ọ̀wọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọdún kan ààbọ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá 2020, Ọlúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adeusi, ń bọ̀ láti ìpàdé àwọn ọba ní Akúrẹ́. Ní Elegbeka, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ̀n, ni àwọn agbébọn ti yìnbọn pa á. Ọba aládé ló wàjà lójú títì bí ẹni tí kò ní ènìyàn! Gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ sí Benin mọ Elegbeka. Awakọ̀ tó bá ń ṣàwàdà láti Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti dákẹ́.

N kò ní fi ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ dù ú. Àwọn ológun àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2022, ọ̀gá pátápátá àwọn ológun kéde pé wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n fura sí, àwọn kan nínú wọn ní Eika, ní agbègbè Òkèhì ní ìpínlẹ̀ Kogí. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, iṣẹ́ ẹni tó mọ bí a ti ń tọpa. Irú iṣẹ́ tó yẹ kí á fi sílẹ̀ fún àwọn àṣàyàn gan-an nìyẹn. (Pé ó di oṣù kẹjọ 2025 kí wọ́n tó kó ènìyàn márùn-ún dé iwájú adájọ́ ní Àbújá, tí wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Ṣùgbọ́n ẹni tó tọpa apani lẹ́yìn ìsìnkú kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ikú lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ méjì ni. À ń da méjèèjì pọ̀, ẹ̀mí sì ń bá a lọ.

Ìlú ìyá mi ni Afo. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kò jẹ̀bi; ìlú tí ń sọ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ló wà, apá ibi tí Ìdóànì wà, àgbẹ̀ sì ni wá. Àǹtí mi kan níbẹ̀ ní oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn gbẹ̀yìn, ó ní òun kì í lọ sí oko náà kí oòrùn tó gòkè mọ́, òun kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ ju aago méjì lọ. Àwọn obìnrin mẹ́fà ló ń kó ara wọn jọ kí wọ́n tó wọ igbó. Bí ẹnìkan nínú wọn bá ṣàìsàn, gbogbo wọn jókòó sílé. Kòkó kò sì mọ aago, ẹ̀yin ará. Ó pọ́n, ó rà, ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ èyí tó kù. Kò sí ẹni tó jí àǹtí mi gbé. Kò sí ìròyìn kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ló gba oko lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko lágbègbè náà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, kò ní kí n dárúkọ òun. Ó gbé mi lọ́kadà dé etí igbó, ó fi ibi tí àwọn àjèjì ti sùn hàn mí: eérú iná, páálí bisikíìtì, koríko tí ó dùbúlẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹni mẹ́ta ni wọ́n. Wọ́n ti kúrò ńbí láti ijẹ́ta." Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè bí a ti ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́. Mo ní ta ló sọ fún. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ní ká máa pè, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ. Nígbà tó lọ, wọ́n ní ká wá kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní ìbọn ńkọ́. Ó yọ ṣakabùlà kan jáde tí mo rò pé bàbá bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni ó máa dún, Bọ̀dá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ni."

Ẹ dákun, èwo ni kọ́máńdò nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹni tó mọ̀ pé àjèjì mẹ́ta sùn sínú igbó, àbí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ kẹta?

Ṣebí nítorí èyí náà ni a ṣe dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀. Wọ́n jí Olóyè Olú Fáláè gbé lóko rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2015, lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Wọ́n pa ọmọbìnrin Bàbá Fásọ̀rántì lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2019. Ara ta gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Abubakar Malami, tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà, fi ní kò bá òfin mu. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n fẹnu kò sí pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe òfin tirẹ̀, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, sì buwọ́ lu ti Oǹdó ní oṣù kẹta ọdún náà. Ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kò lè fún ni ní ohun tí òfin àgbà fi pamọ́. Òfin ìpìlẹ̀ 1999, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, sọ ní abala 214 pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni Nàìjíríà ní, kò gbọdọ̀ sí òmíràn. Ó fi ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Èyí ni pé a bí ọmọ tán, a sọ ọ́ ní Àmọ̀tẹ́kùn, a wá yọ èékánná rẹ̀.

Ní 2022, ọdún tí wọ́n pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, Akérédolú gbọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ Katsina bí a ti ń lo AK-47. Ó fi ìbínú béèrè ìdí tí ohun tó tọ́ sí Katsina fi jẹ́ èèwọ̀ fún Oǹdó. Ìjọba àpapọ̀ ní òun kò fún ìpínlẹ̀ kankan láyè irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹ fẹ́ràn Akérédolú, bóyá ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ (ẹnu rẹ̀ mú, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè gbà á), ìbéèrè yẹn dára. Ó kú ní oṣù kejìlá 2023, ìdáhùn kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbàlagbà yóò sọ. Wọn yóò ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kò mọ akódà." Wọ́n ní ìdí. Ọlọ́pàá ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìjọ́sí, ṣáájú kí ológun tó gbàjọba ní 1966, ọwọ́ òṣèlú ni wọ́n bọ́ sí. Ẹni tí kò bá ṣe ẹgbẹ́ tó wà lórí àga, akódà lè kanlẹ̀kùn rẹ̀ lóru. Àwọn ọ̀dọ́ yóò sì bi mí pé SARS ńkọ́. Òótọ́ ni. Àṣàyàn ọlọ́pàá ni wọ́n pe SARS nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992, adigunjalè ni wọ́n ní kó máa lé. Ìgbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọmọ wa ló kún ojú títì tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á gba àwọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tú u ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. N kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí ìbọn kò mọ olóògbé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo SARS dáadáa kí ẹ tó fi dá mi lẹ́kun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹ kò mọ orúkọ wọn, ẹ kò mọ ilé bàbá wọn, ọ̀nà jíjìn ni àṣẹ wọn ti ń wá. Ìyẹn gan-an ni kọ́máńdò àtọ̀húnrìnwá tí ẹ̀ ń ké pè! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Afo, bó bá gbá ẹnìkan létí láìtọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ̀ yóò ti gbọ́ ọ lọ́jà. Èmi kò ní ìyẹn tó. Àṣejù wà nínú ọmọ ilé náà. Kí orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀ gàdàgbà. Kí nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ wà nínú ìwé, kí wọ́n ka ọta rẹ̀ nígbà tó ń jáde àti nígbà tó ń wọlé. Kí ó má jẹ́ gómìnà nìkan ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí adájọ́ wà níbẹ̀, kí ìyálọ́jà wà níbẹ̀, kí àlùfáà àti lẹ́mọ̀ọ́mù wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú lápò, kí ó yan ọ̀kan.

Àwọn kan yóò tún ní owó dà. Owó! Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkú, ní ìpínlẹ̀ Kwara, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó olùjọ́sìn lọ. Ilé Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Ààrẹ Tinubu tó pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ọlọ́lá, kí wọ́n padà sí iṣẹ́ ìlú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó tún rọ àwọn aṣòfin pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ yóò ṣe lè ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Mo kan sáárá sí i fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n kí ni àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn ń sọ fún wa? Ó ń sọ pé láti ọjọ́ yìí wá, owó wà, ìbọn wà, ọlọ́pàá tí a kọ́ ní ìbọn yíyìn wà. Ẹ̀yìn mọ́tò ọlọ́lá ni wọ́n wà. Mo ti fi ojú mi rí ọlọ́pàá tó fi ìbọn kọ́ èjìká, tó fi ọwọ́ kejì gbé báàgì lẹ́yìn ìyàwó olówó kan níbi ìnáwó. Obìnrin yẹn kò lọ sí oko kòkó rí.

Nítorí náà, nígbà tí aṣòfin kan bá tún wá sí Afo, tàbí sí ìlú tiyín, tó ní òun ti bá àwọn ará Àbújá sọ̀rọ̀, kọ́máńdò ń bọ̀, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ fún un ní àga. Ẹ bu omi tútù fún un. Kí ẹ wá bi í pé, bí ìbọn bá dún lójú ọ̀nà oko wa ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, nọ́ńbà ta ni a ó pè? Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹni náà yóò fi dé? Kí ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá dé? Ta ló ń san owó oṣù rẹ̀, bó bá sì kú síbẹ̀, ta ni yóò máa san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀? Kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó dìde lórí àga náà títí yóò fi dáhùn.